Kí ni ká kọ nípa Màmá sínú ìwé ètò ìsìnkú wọn?

Ọmọ Yemẹtu:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Màmá mi ti lọ sinmi, oṣù tó ń bọ̀ la ó sin wọ́n níbí n'Íbàdàn. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kọ́kọ́ kọ ọ̀kan ránṣẹ́: wọ́n bí Màmá ní 1949, wọ́n kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní UCH, wọ́n wọṣẹ́ ìjọba ní 1972, wọ́n gbẹ̀bí ní ọsibítù Adéọ̀yọ́ títí wọ́n fi di mátíróònù, wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2007, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kà á tán, mi ò rí ìyá mi.

Ìyá tí mo mọ̀ á ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, ojú wọn á ti pọ́n, síbẹ̀ wọn ò ní lọ sùn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi mí sáàárín ẹsẹ̀, wọ́n á dirun mi fún ilé ìwé. Ṣùkú ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ọwọ́ wọn á máa run Izal. Títí dòní, bí mo bá wọ ọsibítù tí òórùn yẹn bá mi nímú, orí mi á máa wá ọwọ́ wọn.

Bó bá di Sátidé tí wọn ò sí lẹ́nu iṣẹ́, ó di ọjà Òjé. Igo mínírà méjì, páálí ṣúgà onígun, iyọ̀, síbí àti ọ̀bẹ ló máa ń wà nínú agbọ̀n wọn, èmi ni mò ń gbé àpótí ìjókòó tẹ̀ lé wọn. Àárín àwọn tó ń ta aṣọ òkè ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á máa kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Bí ẹnì kan bá bu iyọ̀ tó ga gègèrè lórí síbí, Màmá á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ré e: "Ìyá ọmọ, iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́ lò ń bù yẹn o!" Kò sẹ́ni tó rán wọn, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Owó oṣù wọn ni wọ́n fi ń ra ṣúgà náà.

Nígbà tí odò Ògúnpa ya lọ́jọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ 1980, a ò rí wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n dé, wọ́n wẹ̀, wọ́n ṣí àpótí aṣọ wa, wọ́n ṣà á sí méjì, wọ́n kó ìdajì lọ fún àwọn ọmọ tí omi kó ẹrù wọn lọ. Aṣọ ọdún mi wà níbẹ̀. Mo sunkún títí, wọn ò dá a padà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tí kò ní ìwé ẹ̀rí kò ṣeé kọ síbẹ̀, pé àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀. Nǹkan kan tún wà. Ọjọ́ tí wọ́n pín ẹ̀bùn nílé ìwé wa tí mo gba ipò kìíní, Màmá ò wá, torí obìnrin kan ń rọbí lọ́wọ́ wọn. Ó dùn mí gan-an nígbà yẹn. Ṣé ó dáa kí n kọ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

Atẹ̀wé Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àṣẹ́yìndè. Ìwé ètò ìsìnkú tó ti gba ọwọ́ mi kọjá kò lóǹkà. Tí ẹ bá yọ orúkọ àti fọ́tò kúrò nínú wọn, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti Màmá Lágbájá. Ohun tí ẹ lè fi bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀ rèé: tákàdá kan tí a bá ká sí méjì, ojú ewé mẹ́rin ló ń dà. Ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi máa ń jẹ́ ojú ewé 8, 12 tàbí 16, tí kì í jẹ́ 9. Àyè sábà máa ń ṣẹ́ kù, orin la sì fi ń dí i. Ẹ má fọwọ́ kan ti ẹ̀gbọ́n. Ẹ gba ojú ewé tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fi orúkọ tiyín sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Bódìjà:

Ọmọ mi, Olúwa á tù yín nínú. Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi náà ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀bẹ tí o dárúkọ yẹn pa mí lẹ́kún. Má yọ ọ́ o! Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ń ṣe mínísítà ìlera, láti 1985 sí 1992, ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ fún wa nìyẹn, pé kí ìyá mọ ohun tó máa ṣe nílé kó tó gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ wa. Omi tó ń gbẹ lára ọmọ ló ń pa á. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún un, ìdí tí màmá rẹ fi ń ré e nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa sọ ọ́ ní wọ́ọ̀dù, a sì gba ilé lọ. Tiwọn, wọ́n gbé e lọ sọ́jà.

Lọ sí Òjé kó o tó kọ ọ́. Bi àwọn àgbà tó ń ta aṣọ òkè nípa wọn. Má sì kọ "wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún aráàlú", gbogbo ìwé ìsìnkú ló ní i. Kọ ohun tó wà nínú agbọ̀n.

Bàbá Òkè-Àdó:

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ, àfi ti ẹ̀bùn ilé ìwé. Ìwé yẹn á wọlé àna, á wọlé ọkọ, ẹni tí kò mọ inú ọ̀rọ̀ á rò pé ẹ̀ ń fẹjọ́ òkú sùn ni. Ẹ sọ ọ́ níbi àìsùn, láàárín ẹ̀yin ọmọ. Ohun tí mo wá tí mi ò rí ni agboolé tí wọ́n ti bí ìyá yín. Ẹ wá àgbà obìnrin kan nílé wọn tó mọ oríkì orílẹ̀ wọn kì, kí ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kí wọ́n tó di mátíróònù, ọmọ ilé kan ni wọ́n.

Ọmọ Yemẹtu:

Ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá, mo gbọ́ ti oríkì. Àbúrò Màmá kan wà ní Bẹẹrẹ tó mọ̀ ọ́n kì dáadáa, ọ̀dọ̀ wọn ni màá lọ. Ní ti ẹ̀bùn ilé ìwé, ẹ má bínú sí mi, màá kọ ọ́. Màmá fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, pé obìnrin yẹn ò ní ẹlòmíì lọ́dọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn ò fi pamọ́ rí. Bí mo bá yọ ọ́, ṣe ló máa dà bíi pé ó rọrùn fún wọn láti ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ kò rọrùn.

Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ ojú ewé yẹn, wọ́n ní kí n mú ẹyọ kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Ìbejì, Sátidé yìí ni màá lọ sí Òjé. Ẹ̀yin Atẹ̀wé, ó tó ọjọ́ mélòó ṣáájú ìsìnkú tó yẹ kí iṣẹ́ ti dé ọwọ́ yín?