Níbo la ti lè fi pátákó ìgbòkun ṣeré, láti Èkó dé Gánà?

Ìyá Aránṣọ, Ìlọrin

Asalamu alaekun, ẹ̀yin èèyàn mi. Aránṣọ ni mí ní òpópónà Táíwò. Àbúrò mi ọkùnrin dé láti Hóláàńdì lóṣù tó kọjá, ó sì gbé ẹrù kan wá tó gba gbogbo pálọ̀ mi: pátákó gígùn, òpó tó ṣeé yọ sí méjì, àti ìgbòkun tó fẹ̀ ju kọ́tìnnì ilé mi lọ. Windsurfing ni wọ́n ń pè é. Èèyàn á dúró lórí pátákó, á di igi ìgbòkun mú, afẹ́fẹ́ á máa gbé e sáré lórí omi. Kò ní ẹ́ńjìnnì kankan.

Ìgbòkun náà ti ya díẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní kí ló wá le nínú ìyẹn, ṣebí mo ní máṣíìnì. Háà! Ọ̀rá tó mọ́ gaara bíi gíláàsì ni, kì í ṣe aṣọ. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti lù, ibẹ̀ náà ló ń gbà ya lọ. Ìgbà tí mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ níwájú àti lẹ́yìn ló tó gbọ́ràn.

Oṣù Kẹjọ la fẹ́ rin ìrìn àjò náà, nígbà ìsinmi àwọn ọmọ. Sienna la ó gbé. Ọmọ méjì ni, ọ̀kan jẹ́ ọdún 12, èkejì 9. Màmá wa náà ń bọ̀. Kùmásí ni wọ́n bí wọn sí. Lọ́dún 1969 tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yìn lọ́rì ni wọ́n ti rí òkun. Wọ́n ní ẹkún ò jẹ́ káwọn rí i dáadáa, àwọn fẹ́ tún un wò.

Àbúrò mi ń wá afẹ́fẹ́, àwọn ọmọ fẹ́ kọ́ ọ, Màmá ń fẹ́ ibòji àti ẹja díndín. Níbo ni gbogbo wọn ti lè rí tiwọn? Kẹ́nikẹ́ni má dárúkọ Dáàmù Asà o. Aládùúgbò mi kan ti dá a lábàá, omi tí gbogbo Ìlọrin ń mu!

Awakọ̀ Ọ̀fà

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo máa ń na ọ̀nà yẹn. Ẹ sun Èkó lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, torí bọ́dà mẹ́ta ló wà níwájú: Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji, Aflao. Ẹ gba Brown Card ti ECOWAS, ìyẹn ìwé ìbánigbófò ọkọ̀, kí olúkúlùkù sì ní yellow card tiẹ̀, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, títí kan Màmá. Pátákó yẹn á fa ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ ní fọ́tò àbúrò yín lórí rẹ̀ nínú fóònù, kí wọ́n má bàa pè é ní ọjà títà.

Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ní Lomé

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wo òkun rárá. Ẹ kẹ̀yìn sí i.

Láti Èkó wá síbí, ìgbì ńlá ló ń já lu iyanrìn, ilẹ̀ abẹ́ omi sì ń jìn lójijì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa nìkan ló ń ṣe é lórí irú ìgbì bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 9? Ẹ jọ̀ọ́. Ní Èkó, Tarkwa Bay nìkan ló rọ̀ díẹ̀, torí òkúta tí wọ́n tò lẹ́nu èbúté ń dá ìgbì dúró, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi lẹ ó wọ̀ débẹ̀, Sienna á dúró sẹ́yìn.

Ẹ̀yìn òkun lọ̀rọ̀ wà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ló pín òkun àti ọ̀sà níyà. Afẹ́fẹ́ òkun á fò ó kọjá, ìgbì ò ní lè kọjá. Ohun tí ẹ ń wá nìyẹn: afẹ́fẹ́ tó le lórí omi tó tẹ́jú. Adágún Tógò ní Agbodrafo, bíi kìlómítà 30 kí ẹ tó dé Lomé, ni màá kọ́kọ́ yà sí. Àwọn ènìyàn máa ń gbé irú pátákó bẹ́ẹ̀ wá síbẹ̀. Tí ẹ bá wọ Gánà, ọ̀sà Keta wà, Ada Foah náà wà, níbi tí odò Volta ti ń wọnú òkun. Ní Ada, ẹ má gòkè odò lọ jìnnà. Ibi tí omi ti níyọ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí, ìgbín tó ń kó àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kiri kì í gbénú omi iyọ̀.

Ẹ má yára jí. Tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ tútù láti òkun á wọlé, ọ̀sán ló ń le jù. Tí orí omi bá ti ń funfun fuu, afẹ́fẹ́ ti tó nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 12, ìyẹn kìlómítà 22 ní wákàtí kan, kí àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀ fún àbúrò yín. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ ló máa ń ti fẹ́ lọ sí òkun láàárọ̀, ìyẹn ń gbé èèyàn lọ pátápátá. Oṣù Kẹjọ tẹ́ ẹ mú dáa.

Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ní Agbodrafo, ẹ̀gbẹ́ gúúsù adágún lẹ ó wà, afẹ́fẹ́ á máa tì yín lọ sí ọ̀nà Togoville lódìkejì. Àbúrò yín á mọ bí wọ́n ṣe ń yí padà. Àwọn ọmọ ò ní mọ̀. Ẹ háyà ọlọ́kọ̀ kan kó jókòó dè wọ́n.

Ìyá Aránṣọ, Ìlọrin

Ọlọ́run á san yín lóore. Ṣùgbọ́n ìgbòkun yìí ju àwọn ọmọ mi lọ. Mo wọ̀n ọ́n, square mítà 5.5 ni níbùú lóròó. Àbí mo lè ran kékeré?

Àbúrò wọn

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà wà níbí o! Ti ọmọdé kì í sábà ju square mítà 4 lọ. Dacron ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, ìyẹn aṣọ gidi, abẹ́rẹ́ ò ní yà á. Ẹ má lo òwú kọ́tìnì, á jẹrà. Pólíẹ́sítà ni, kẹ́ ẹ sì fi síìgì-sáàgì kàn án. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi bẹ́díṣíìtì. Ẹ gé etí àwọn ègé tẹ́ ẹ máa so pọ̀ kó tẹ̀ díẹ̀ bí ọrun, kó lè níkùn tí afẹ́fẹ́ á wọ̀ sí.

Ìyá Aránṣọ, Ìlọrin

Bíi bùláòsì tó ní dáàtì. Kí lo ò ṣe tètè sọ bẹ́ẹ̀? Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé pátánì rẹ̀ lórí bébà. Agbodrafo la ń lọ. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Màmá, wọ́n ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì mélòó la rà. Mo ní mẹ́ta. Wọ́n ní ká sọ ọ́ di mẹ́rin.