Ọyẹ́ ti dé: kí la lè mu fún ẹ̀dọ̀fóró?

Ọmọ Kúbwà: Ẹ kú ọyẹ́ o. Eruku lọ́tùn-ún, èéfín jẹnẹrétọ̀ lósì. Ewé wo ló dáa fún àyà, báwo la sì ṣe ń ṣe é?

Ìyá Wúsè: Zogale, ìyẹn moringa.

Ọmọ Kúbwà: Ṣé kí n sè é ni, mà?

Ìyá Wúsè: Sè é kẹ̀. Ta ló ń jẹ ẹ́ ní tútù?

Sábó Kánò: Ẹ má bínú mà, iná yẹn gan-an ló ń bà á jẹ́. Ẹ bá fọ́ ewé tútù, èròjà méjì inú rẹ̀ á pàdé, ìgbà náà lohun tó ń ta lẹ́nu yẹn á tó jáde. Omi híhó ń pa ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan, ẹ gún un, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ bu omi tútù ife kan sí i, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ mu ún lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan èèpo gbòǹgbò rẹ̀ o, májèlé wà níbẹ̀.

Anífowóṣe: Kí ẹ sì fọ ewé náà dáadáa. Èyí tí wọ́n já létí títì Mararaba, eruku tí à ń sá fún ló wà lórí rẹ̀.

Aṣiyèméjì: Ta ló dán an wò?

Sábó Kánò: Zogale kọ́, ìbátan rẹ̀ ni. Ní Qidong, ní Ṣáínà, nǹkan bí 300 èèyàn ló kópa fún ọ̀sẹ̀ 12: àwọn kan mu omi broccoli (ẹ̀fọ́ kan) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, àwọn yòókù mu omi tí kò ní in. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2014: benzene, kẹ́míkà olóró inú èéfín, tó ń bá ìtọ̀ àwọn tó mu broccoli jáde fi ìdá 61 nínú 100 pọ̀ ju tàwọn yòókù lọ.

Aṣiyèméjì: Ìtọ̀ lẹ wí yẹn. Ẹ̀dọ̀fóró ńkọ́?

Sábó Kánò: Wọn ò wọn ìyẹn.

Aṣiyèméjì: Ẹ ṣeun.

Bàbá Ìbejì: Atalẹ̀ pupa ńkọ́? Ẹ lọ iyèré díẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ kán epo sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ ń bá jáde.

Nọ́ọ̀sì Nyanya: Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó yàgò fún atalẹ̀ pupa àti ààyù púpọ̀. Zogale náà lè já ìfúnpá àti ṣúgà wálẹ̀ jù fẹ́ni tó ti ń lo oògùn wọn. Ẹni tó ní ikọ́ fée, inhaler rẹ kì í ṣe ohun tí wàá fi àgbo rọ́pò. Jẹnẹrétọ̀ sì rèé: kò sí ewé tó ń gbani lọ́wọ́ carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé.

Anífowóṣe: Ẹ sì yé fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá yàrá. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ún.

Nọ́ọ̀sì Nyanya: Bẹ́ẹ̀ ni. Tí ẹ bá ń jáde, N95, ìbòmú tó ń sẹ́ eruku kíkúnná, ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìbòmú aláṣọ. Ẹ tẹ irin orí imú yẹn títí á fi lẹ̀. Tí irùngbọ̀n bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni eruku á gbà wọlé.

Bàbá Ìbejì: Irùngbọ̀n wo? Ẹ fi tèmi sílẹ̀ o!

Ìyá Wúsè: Kò kàn mí. Ṣé tútù náà la ó máa fi kúlíkúlí jẹ zogale ni?