Kíláàsì àgbà ní Ẹ̀pẹ́, àwọn èèyàn ò wá mọ́, kí ni kí n ṣe?

Tísà Ìrọ̀lẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀pẹ́ níbí ni mo wà, mò ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Fúráìdeè, aago márùn-ún ààbọ̀ sí méje, nínú kíláàsì praímárì kan tí ọ̀gá wọn yá wa. A bí dí Yorùbá la fi ń bẹ̀rẹ̀ ká tó bọ́ sí ìṣirò àti òyìnbó díẹ̀díẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni o, èmi gan-an ni mò ń ra bírò àti ìwé. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, èèyàn 27 ló jókòó, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n ku 11. Bí mo ṣe ń kọ eléyìí wọ́n ku 4, ìyá mi sì wà nínú 4 yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé torí tèmi lòun náà ṣe ń wá.

Mo gbìyànjú o. Mo tẹ hánbíìlì 200, mo pín in láti ọjà Olúwo títí dé etí omi, mo tún lẹ pósítà, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: ÀǸFÀÀNÍ ŃLÁ FÚN Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ò MỌ̀WÉ. Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan gba hánbíìlì lọ́wọ́ mi, ó dúpẹ́, ó wúre fún mi dáadáa, kí n tó rìn dé ìsọ̀ kejì ó ti fi wé ẹja fún oníbàárà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Báwo lẹ ṣe ń rí èèyàn kó jọ lọ́dọ̀ tiyín, tí wọ́n á sì tún dúró?

ỌmọẸlẹ́ja
Tísà ẹ má bínú, mo ti rẹ́rìn-ín tán kí n tó ráyè fèsì 😂 Ẹ kọ̀wé, ẹ wá fi pe ẹni tí ò mọ̀wé? Ẹni tó bá lè ka hánbíìlì yẹn, kí ló fẹ́ wá ṣe ní kíláàsì yín? Ti pósítà yẹn tún wá burú jù, ta ló máa dúró níwájú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí gbogbo ọjà máa wò ó.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń lé wọn lọ gan-an, aago yín ni. Ẹja ni màmá mi ń tà, mo mọ bó ṣe ń lọ. Ìdájí ni wọ́n ń ra ẹja tútù lọ́wọ́ àwọn apẹja, wọ́n á tà á di ọ̀sán, èyí tó bá ṣẹ́kù ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e ka iná torí tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́ ó ti ń jẹrà nìyẹn, owó ti wọmi. Aago márùn-ún ààbọ̀ tẹ́ ẹ ń wí yẹn, ìdí ààrò ni wọ́n wà, èéfín lójú, wọ́n ń fọwọ́ yí ẹja padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi sí aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán, ìgbà tí ọjà bá dá, tí wọ́n ń tòògbé lórí àpótí. Kẹ́ ẹ sì lọ bá wọn lábẹ́ ìsọ̀ níbẹ̀. Ìyálọ́jà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ kí o, ẹ má kàn já wọlé bí àwọn tó ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí.

Bàbá Olùkọ́
Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí dáa, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà. Ní January 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀fẹ́, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ẹ̀pẹ́ wà, 1967 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ò ní ìwé ọjọ́ ìbí, wọ́n á ní kó gbé apá gba orí kọjá kó fi kan etí kejì, tọ́wọ́ ò bá tó, ó di ẹ̀ẹ̀míì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọwọ́ ẹ̀ ò tó. Bó ṣe délé wọ́n gbé igbá ẹja rù ú kó má baà jókòó lásán, nígbà tọ́dún fi máa yí po ó ti mọ ọjà tà jù, wọ́n ní ṣé ẹni tó ń pawó wálé la ó tún mú lọ síléèwé? Di bí mo ṣe ń wí yìí, tó bá ń sọ ìtàn yẹn, á gbé apá gba orí, á ní "ẹ wò ó, ó ti tó báyìí."

Tísà, àga wo lẹ ń gbé wọn jókòó lé? Ti praímárì wáànù, àbí? Obìnrin ẹni 60 ọdún, orúnkún ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ẹ tún ní kó máa pariwo "a, b, d" tẹ̀lé yín káwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ máa yọjú lójú fèrèsé. Ìtìjú yẹn nìkan tó lé 20 èèyàn lọ. Kẹ́ ẹ lọ bá àwọn LASAME ìjọba Èkó sọ̀rọ̀ náà, ètò ẹ̀kọ́ àgbà ni iṣẹ́ wọn.

ÌyáÌbejì Ìkòròdú
Níbi tí mo ti ṣe tísà rí, iléèwé aládàáni kan, tí hólídè bá ti dé wọ́n á ní kí oníkálukú lọ mú ọmọ 5 wá, a ó wọ tíṣẹ́ẹ̀tì, a ó máa rìn kiri Sábó nínú oòrùn pẹ̀lú hánbíìlì, tó ò bá rí ọmọ mú wá wọ́n á gé e lówó oṣù ẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn òbí léèrè báwo ni wọ́n ṣe gbọ́ nípa wa. Kò sẹ́ni tó dárúkọ hánbíìlì. "Ọmọ ará ilé wa tó wà níléèwé yín ló ń kàwé fún mi." Òun ni wọ́n ń sọ. Torí náà àwọn 4 yẹn ni pósítà yín, títí kan màmá. Èmi ò bá sì gba owó díẹ̀, 200 náírà lọ́sẹ̀, ohun ọ̀fẹ́ kì í níyì lójú èèyàn.

Rófíà
Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fara mọ́ towó yẹn o. Ẹni tí ọjà ò tà fún lọ́sẹ̀ yẹn, ojú á tì í láti wá lọ́wọ́ òfo, kò sì ní padà wá mọ́.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó dárúkọ àsàlátù. Púpọ̀ nínú àwọn tẹ́ ẹ ń pè ní púrúǹtù yìí ka Kùránì parí, wọ́n ṣe wòlímọ̀ pẹ̀lú. Ìyá àgbà mi fi lẹ́tà kéwú ń kọ gbèsè oníbàárà sára pákó ìsọ̀ ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tó ti mọ̀ pé àmì lẹ́tà máa ń ní ohùn, tẹ́ ẹ wá ń kọ́ bí ọmọ ọdún mẹ́ta, ó máa sú u. Ẹ lọ síbi àsàlátù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí ààfáà bá yín sọ ọ́. Ẹ má sì dárúkọ "ìwé kíkà" rárá. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka alẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti fi fèèkì alẹ́ẹ̀tì gba ẹja lọ́wọ́ wọn tó.

Tísà Ìrọ̀lẹ́
Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ti lọ kí Ìyálọ́jà, wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Túsìdeè aago méjì. Mo bi ìyá mi bóyá torí mi ni wọ́n ṣe ń wá, wọ́n ní rárá o, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ń pe fóònù àwọn kí wọ́n tó gbé e, torí àwọn tó ń yá wọn lówó ti pọ̀ jù 😂 Mi ò mọ̀ pé wọ́n jẹ gbèsè.

Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀dù kékeré, èyí tó ṣeé gbé lórí ọ̀kadà, kó jọ̀ọ́ kàn sí mi kó tó di Túsìdeè.