Ọmọ mi kì í wojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ṣé kí n máa fipá mú un?

Màmá Tólú:
Ẹ kúulé o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 9, dókítà sì ti ní ó ní ọ́tísìmù (autism), ìyẹn pé ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ àti ìwà èèyàn lọ́nà tó yàtọ̀. Ó lè ka orúkọ àwọn òṣùpá tó ń yí Júpítà ká fún yín, ṣùgbọ́n tí ẹ bá kí i, ògiri ló máa ń wò. Olùkọ́ rẹ̀ ní àfojúdi ni. Nílé, mo máa ń gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè pé, "Wò mí lójú!" Tó bá wá wò mí tán, kò ní lè dáhùn ohun tí mo bi í mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Akọ̀wé Òru:
Màmá Tólú, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ fi àgbọ̀n sílẹ̀ o. Èmi náà ní ọ́tísìmù, mo sì ti lé lógójì ọdún. Ojú èèyàn kì í dúró jẹ́ẹ́: ìpéǹpéjú ń ṣẹ́, ẹyinjú ń yí, iwájú orí ń kájọ, gbogbo rẹ̀ á sì ya lù mí lẹ́ẹ̀kan náà. Tí mo bá tẹjú mọ́ ọn, etí mi á di. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń wo bọ́tìnnì ẹ̀wù yín, kò sí gbólóhùn kan tó máa bọ́ lọ.

Ti àfojúdi yẹn, Noah Sasson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2017. Àwọn èèyàn wo fídíò kékeré, láàárín ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n ti ní àwọn kò fẹ́ bá àwọn tó ní ọ́tísìmù ṣọ̀rẹ́. Nígbà tí wọ́n fún àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ wọn lásán láti kà, ìkórìíra yẹn pòórá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló ń bí aráyé nínú.

Jagunlabí:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o. Ìdánwò 1985 ńkọ́? Wọ́n fi ọmọláńgidi méjì ṣeré níwájú àwọn ọmọdé: Sally fi bọ́ọ̀lù kékeré sínú apẹ̀rẹ̀, ó jáde, Anne gbé e lọ sínú àpótí láìjẹ́ kí Sally rí i. Níbo ni Sally máa wá a sí? Apẹ̀rẹ̀ ni ìdáhùn, ṣùgbọ́n 16 nínú ọmọ 20 tó ní ọ́tísìmù ló nàka sí àpótí. Wọn kì í mọ inú ẹlòmíràn.

Akọ̀wé Òru:
Àbúrò, àwọn 4 tó gbà á ńkọ́? Damian Milton, olùwádìí tí òun náà ní ọ́tísìmù, ti wí ní 2012 pé tọ̀tún tòsì ni àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí: àwọn tí kò ní ọ́tísìmù náà kì í mọ inú wa. Ní 2020, Catherine Crompton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn èèyàn máa sọ ìtàn kan láti ẹnu dé ẹnu. Bí gbogbo wọn bá ní ọ́tísìmù, ìtàn náà dé òpin dáadáa bíi ti àwọn tí kò ní in. Ibi tí wọ́n ti da wọ́n pọ̀ ló ti já sílẹ̀ jù.

Màmá Tólú, ẹ jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má kọjú sí i. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn máa pẹ́. Ẹ má tún un bi, torí yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Màmá Tólú:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ẹbí tó ní dandan kó dì mọ́ àwọn ńkọ́?

Akọ̀wé Òru:
Ẹ ní kó juwọ́ sí wọn. Ẹni tó bá bínú, ẹ fi í sílẹ̀ kó bínú.