Ojoojúmọ́ ni mò ń ya fọ́tò, àmọ́ ojú kan náà ni mo ṣì wà

Kékeré_Onífọ́tò:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ra kámẹ́rà àlòkù kan pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50mm, inú mi dùn gan-an, wọ́n ní kí n ṣáà máa ya fọ́tò lójoojúmọ́, pé bí mo bá ṣe ń yà á ni ọwọ́ mi á ṣe máa mọ́ ọn, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, òdòdó o, ológbò o, àwọn ọmọdé o, òfurufú, gbogbo ohun tó bá ti gba iwájú mi kọjá ni mò ń yà. Àmọ́ tí mo bá gbé ti ìsinsìnyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò síyàtọ̀, wọ́n kàn pọ̀ sí i ni. Tí mo bá fi ránṣẹ́ sáwọn èèyàn mi, "ó rẹwà", "o gbìyànjú", ó tán. Ẹnì kan wá sọ pé fọ́tò mi "ò ní ẹ̀mí". Ẹ̀mí bíi ti báwo? Ṣé kí n pààrọ̀ kámẹ́rà ni àbí ojú mi ni ò dáa?

Màmá_Lẹ́ǹsì:
Má pààrọ̀ nǹkan kan o jàre. Ohun tó ń dà ẹ́ láàmú ni pé gbogbo nǹkan lò ń lé lẹ́ẹ̀kan náà. Òní òdòdó, ọ̀la ológbò, kí lo fẹ́ fi wé kí lo tó máa mọ̀ pé o ti kúrò níbi tó o wà? Mú nǹkan kan ṣoṣo kó o dúró tì í. Ọkùnrin onífọ́tò kan wà tó ń jẹ́ Josef Sudek, ìlú Prague lórílẹ̀-èdè Czech ló gbé, apá ọ̀tún ẹ̀ bá ogun àgbáyé kìíní lọ. Láti 1940 títí di 1954 ló fi ń ya fèrèsé ibi iṣẹ́ ẹ̀, fèrèsé kan náà o! Òjò rọ̀, ó yà á, omi ń sàn wálẹ̀ lára gíláàsì, ó yà á, igi kan tó lọ́ wà lóde níbẹ̀ lọ́gbà, ó yà á títí. Kì í ṣe pé kò rí nǹkan míì yà. Nígbà tí ohun tó ò ń yà ò bá yí padà, ìmọ́lẹ̀ ló kù tó ń yí padà, ojú ẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i.

Ìwọ náà, gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ní kí ẹnì kan jókòó, pa gbogbo iná inú yàrá. Yà á nígbà tó kọjú sí fèrèsé, ojú ẹ̀ á mọ́ àmọ́ á rí pẹrẹsẹ. Ní kó fẹ̀gbẹ́ sí i, òjìji imú ẹ̀ á bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, wàá rí i pé ojú yẹn ti wá ga síbì kan tó sì wọnú síbì kan. Tó bá wá kẹ̀yìn sí fèrèsé, ojú ẹ̀ á ṣókùnkùn, torí kámẹ́rà rí fèrèsé tó ń tàn yòò lẹ́yìn ẹ̀, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ló bá dín in kù, ìwọ lo máa fi exposure compensation, ìyẹn ibi tá a ti ń sọ fún kámẹ́rà pé kó mú fọ́tò mọ́ sí i tàbí kó ṣókùnkùn sí i, gbé e sókè, +1 tàbí +2, tí fèrèsé bá funfun báláú kó funfun, ojú èèyàn lò ń wá. Lẹ́yìn náà padà sí ti ẹ̀gbẹ́ yẹn, jẹ́ kẹ́nì kan di páálí funfun mú ní òdìkejì fèrèsé, kó máa sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, kó o wo bí òjìji yẹn ṣe máa fúyẹ́. Ṣe èyí nìkan fún bí oṣù kan, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nígbà tí òjò bá ṣú.

Ọ̀rọ̀ "ẹ̀mí" yẹn, fi sílẹ̀ ńbẹ̀. Ẹni tí ò lè nàka síbi tí ẹ̀mí ti jáde lára fọ́tò ò tíì sọ nǹkan kan.

Bọ̀dá_Ìmọ́lẹ̀:
Màmá ẹ kú àlàyé, àmọ́ ẹ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé kámẹ́rà ò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tí ò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó jókòó ti fèrèsé títí, fọ́tò tó ń gbọ̀n náà ni á máa yà. Àbúrò, ṣí àwọn fọ́tò ẹ tí ò mọ́ kedere, wo shutter speed wọn, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí, kámẹ́rà ń kọ ọ́ pa mọ́ sínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50mm ẹ, tó bá ti lọ sílẹ̀ ju 1/50 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, ọwọ́ ẹ ló mì, tí kámẹ́rà ẹ bá sì jẹ́ èyí tí sensor ẹ̀, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ẹ̀, kéré, jẹ́ kó tó 1/80. Ti àwọn ọmọdé tó ń sáré, ọwọ́ kọ́, wọn ò dúró, lọ sí 1/500. Tí ìmọ́lẹ̀ ò bá tó, gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó, sókè, kódà kó dé 3200, má bẹ̀rù, fọ́tò tó ní hóróhóró díẹ̀ sàn ju èyí tó rú lọ. Ká má tíì wá sọ ti f/1.8, ìyẹn kéèyàn ṣí ihò lẹ́ǹsì gbayawu, tí gbogbo yín fẹ́ràn, tẹ́ ẹ bá sún mọ́ èèyàn jù, ẹyinjú kan á mọ́, ìkejì á rú.

Òjìji_Ọ̀sán:
Ẹ̀yin méjèèjì ò dáhùn ti àwọn tó ń sọ pé "ó rẹwà". Ohun tó o bi wọ́n náà ni wọ́n dáhùn. Tó o bá ní "ẹ wò ó, báwo ló ṣe rí", kí lo fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn ẹ sọ? Bi wọ́n pé: "ibo lojú yín kọ́kọ́ lọ?" Kó o wá dákẹ́. Má ṣàlàyé pé ìrọ̀lẹ́ ni, pé ọmọ yẹn ò fẹ́ dúró, dákẹ́. Mo fi fọ́tò ọmọ kan tó ń kàwé han ẹnì kan báyìí rí, èmi rò pé ọwọ́ ọmọ yẹn lórí ìwé ló máa rí, ó ní "bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn". Bọ́kẹ́ẹ̀tì wo? Bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kan ní igun ìsàlẹ̀, òun ló mọ́ jù nínú gbogbo fọ́tò náà, kò sì sí bí ojú ò ṣe ní lọ síbẹ̀. Àtìgbà yẹn kí n tó tẹ kámẹ́rà mo máa ń wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ná. Dín ojú ẹ kù tó o bá ń wo fọ́tò ẹ, bíi ẹni tí oorun ń kùn, ohun tó mọ́ jù á fara hàn fúnra ẹ̀.

Má sì kó gbogbo ẹ̀ fún èèyàn o. Mú mẹ́ta. Ibi tó o ti ń ṣà á yẹn gan-an, iṣẹ́ ńlá ni.

Kékeré_Onífọ́tò:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ yín. Tí ẹni méjì bá wá sọ ohun tó yàtọ̀ síra ńkọ́? Ẹnì kan ní kí n gé òkè fọ́tò kan kúrò, ẹnì kejì ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé kí n kàn jẹ́ kó ṣókùnkùn díẹ̀.

Màmá_Lẹ́ǹsì:
Ṣó o rí i pé òkè yẹn náà làwọn méjèèjì ń wò? Wọn ò yàtọ̀ síra níbẹ̀, nǹkan kan wà lókè tó ń dí wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ní kó o tún un ṣe ni tiwọn ò fi bára mu, ìyẹn ò sì di dandan kó o gbà. Tọ́jú ojúlówó ẹ̀, ṣe ẹ̀dà méjì, gé ọ̀kan, mú ọ̀kan ṣókùnkùn, kó o wá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbí.

Bọ̀dá_Ìmọ́lẹ̀:
Kó o sì kọ shutter speed ẹ̀ sí i o.