Ta ló lè ràn mí lọ́wọ́ lórí ẹ̀kọ́ omi fún àwọn ọmọ apẹja?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí n'Ílọrin. Ọmọ apẹja odò Asà pọ̀ nínú kíláàsì mi, wọ́n sì mọ ẹja jù mí lọ. Ó ń dùn mí pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí pé sáyẹ́ǹsì ni ohun tí wọ́n mọ̀ yẹn.

A ti fi ìdérí ike ṣe àwo Secchi, irú èyí tí Angelo Secchi ará Ítálì fi wo bí omi òkun ṣe mọ́ tó lọ́dún 1865. Tiwa fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20. A pín in sí mẹ́rin, a kùn ún ní dúdú àti funfun, a so ó mọ́ okùn. Ibi tí a ò bá ti rí i mọ́ nínú omi la ti ń wọn okùn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń du okùn mọ́ra wọn lọ́wọ́!

Ó ku àwọn ohun ẹlẹ́mìí wínníwínní tí ọmọ ẹja ń jẹ. Ṣé ẹnìkan ti fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ ṣe àwọ̀n tí wọ́n fi ń kó wọn? Ṣé ihò rẹ̀ ò tóbi jù? Dígí máíkírósíkóòpù wa ti fọ́. Kí la lè lẹ̀ mọ́ fóònù dípò rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè yá ẹ̀wù ìléfòó ọmọdé? Láìsí i, mi ò ní jẹ́ kí ọmọ kankan kọjá etí odò.