Màlà wo ló tọ́ fún mantra Shiva, rúdrákṣà àbí túlásì?

Ìbéèrè
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo fẹ́ ra màlà, ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù fi ń ka àdúrà. "Om Namah Shivaya", mantra (ọ̀rọ̀ mímọ́) ti òrìṣà Shiva, ni mo fẹ́ máa fi ṣe japa, ìyẹn kí n máa pè é lápètúnpè. Ẹnì kan ní kí n ra túlásì, tí wọ́n fi igi ṣe, ẹlòmíì ní rúdrákṣà, tó jẹ́ kóró èso igi. Èyí tí mo rí rà, kóró 111 ni, rọ́bà tó ń fà ni wọ́n sì fi sín in. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn 1
Rúdrákṣà ni kí ẹ mú, Shiva ló ni ín. Igi túlásì, ti òrìṣà Vishnu ni, òun ni àwọn Vaishnava, ìyẹn àwọn olùsìn Vishnu, fi ń pe orúkọ Krishna àti Rama. Òrìṣà Lakshmi ló ni kóró òṣíbàtà. Àmọ́ bí gúrù yín, ìyẹn olùkọ́ yín nínú ẹ̀sìn, bá ti fún yín ní màlà, òun ni kí ẹ lò.

Ẹ má ra ti 111 yẹn. Kóró 108 ló yẹ, àti ọ̀kan tó dá dúró níbi ìso, tí à ń pè ní mérù, tí a kì í kà mọ́ ọn. Ti 54 tàbí 27 náà dára: ìyípo 2 tàbí 4 á pé 108.

Ìdáhùn 2
Ẹ wo ojú kóró náà, ìyẹn ìlà tó gba ara rẹ̀ láti ihò kan dé èkejì. Olójú 5 ló wọ́pọ̀ jù, ó sì tó fún japa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi olójú 1 gba owó ńlá lọ́wọ́ yín. Kóró Nepal máa ń tóbi, ti Indonesia kéré. Mìlímítà 7 sí 8 ló rọ ọwọ́ lọ́rùn. Kóró 108 tó jẹ́ mìlímítà 10 ti ju mítà kan lọ kí ẹ tó ta kókó kankan, á máa wọ́ nílẹ̀.

Wọ́n á ní ojúlówó ló ń rì sínú omi. Irọ́ ni: ojúlówó tó gbẹ dáadáa lè léfòó, ayédèrú tó wúwo á sì rì. Bí gbogbo kóró bá jọra bí ìbejì, ayédèrú ni, ṣe ni wọ́n rọ wọ́n.

Ìdáhùn 3
Ọ̀rọ̀ rọ́bà ló ká mi lára jù. Ó máa ń dẹ̀, kóró á máa fún mọ́ra wọn, ìka ò ní mọ èyí tó kàn, ẹ ó sì ṣìkà. Òwú líle ni kí wọ́n fi sín in, kí wọ́n ta kókó sáàárín kóró kọ̀ọ̀kan.

Ọwọ́ ọ̀tún lẹ ó fi dì í mú. Ẹ gbé e lé ìka àárín, kí àtàǹpàkò máa fa kóró kọ̀ọ̀kan wá sọ́dọ̀ yín. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò kò gbọdọ̀ kàn án. Tí ẹ bá dé mérù, ẹ má kọjá rẹ̀. Ẹ yí màlà padà, kí ẹ máa kà á bọ̀.

Ọṣẹ máa ń gbẹ rúdrákṣà títí á fi là. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì fi òróró díẹ̀ pa á lára.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè fi kọ́rùn?

Ìdáhùn 3
Rárá o. Èyí tí ẹ fi ń ṣe japa, inú gomukhi, àpò aṣọ tí a ń ti ọwọ́ bọ̀ ka màlà, ló ń gbé. Ẹ ra òmíràn fún ọrùn. Bí ẹ bá fi ti japa kọ́rùn, òógùn á tètè jẹ òwú rẹ̀.